Wọn Ò Jọra, Wọ́n Bára Mu

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ funfun bí ẹ̀kọ lọ́jọ́ tí Ìbídùnní kọ́kọ́ rí Festus. Ọyẹ́ ti bo ojú omi, ojú ò lè tọ́ka sí ibi tí omi parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Nínú funfun yẹn ni ọkùnrin kan dúró sí, ó gbé pákó méjì ka iwájú, ó ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún, bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun.

Ẹja ni Ìbídùnní wá rà ní Ọjà Olúwo. Tíṣà Yorùbá ni nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Agric ní Ìkòròdú. Ó ń kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, orí kan ṣoṣo ló sì kù: orí tó dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ohun tó fara pẹ́ ohun mìíràn. Ó ti kọ jọ, ó ti kọ dọ́gba, ó ti kọ bára mu, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ tí yóò fi yé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bá a dé orí ibùsùn.

Ẹja ń kán omi sílẹ̀ láti inú láílọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀, kò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń kan ọkọ̀. Ó kí i, ó sì bi í bóyá pákó méjì tó jọra ló ń wá.

"Rárá o, Àǹtí," ọkùnrin náà fèsì. "Èyí tó bára mu ni mò ń wá. Àwọn méjì yìí jọra, inú igi kan náà ni wọ́n ti wá, àmọ́ tí mo bá kàn wọ́n pọ̀, omi á wọlé. Ohun tó jọra, ojú lásán ló ń mọ̀ ọ́n. Ohun tó bára mu, àfi tẹ́ ẹ bá gbé e sójú omi."

Ìbídùnní yọ bírò nínú báàgì. Kò rí ìwé, ló bá kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀ ń kọ̀wé sọ́wọ́ bí ọmọ tó fẹ́ jíwèé wò," ni ọkùnrin náà wí, ojú sì ti tíṣà.

Festus ló ń jẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, abúlé kan lódìkejì ọ̀sà ni òun àti Leah ìyá rẹ̀ ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ló bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó di òòlù bàbá rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí Ìbídùnní kì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun lọ ra ẹja. Firíìjì kún dẹ́nu. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá ẹran ti di èèwọ̀ nínú ilé wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀, Festus a máa pè é, a sì fún un lọ́rọ̀: ojúgbà, ẹ̀dà, ṣe rẹ́gí, ọgbọọgba. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, wọn ò ní pa fóònù, wọn a jọ máa gbọ́ bí omi ṣe ń lá etí ọkọ̀.

"Tíṣà mi," ó wí lọ́jọ́ kan, "kí la ń pe ohun méjì tí wọn ò lè wà níbì kan kí wọ́n má wo ara wọn?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé mi."

"Ẹ bá mi wá àyè fún un."

Bàbá Ìbídùnní, Alàgbà Oyèdèjì, ló kù kí wọ́n sọ fún. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, Ìbídùnní nìkan ló sì bí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń ti Ìkòròdú lọ sí ọ́fíìsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ọmọ yìí lè kàwé. Nígbà tí Festus wá kí i, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní mínírà, ó sì bi í níbi tó kàwé dé. Festus kò purọ́.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni Alàgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ò dọ́gba."

Festus dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà kò pè mọ́, kò sì gbé ìpè. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Adétúnjí, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ìbídùnní kò bá a jiyàn. Ó kàn ń jókòó ti oúnjẹ títí tí yóò fi tutù ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀ wọ ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú títí ó fi dé abúlé Festus. Leah ìyá Festus ta aṣọ lé e léjìká, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni Dádì sọ," Festus wí, kò wò ó lójú. "A ò dọ́gba."

"Ta ló ní ká dọ́gba?" Ìbídùnní dáhùn. "Mi ò ní sá tọ̀ ẹ́ wá lẹ́yìn bàbá mi, mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Mo máa dúró títí wọ́n á fi mọ̀ ẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó o máa gbé fóònù."

Ó gbójú sókè nígbà yẹn. Ó ní òun á máa gbé e.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ìwé náà parí, Ìbídùnní sì gbé e fún bàbá rẹ̀ kó bá òun wo àṣìṣe inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá kọ. Alàgbà jókòó sí ìta ilé láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, tíì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé orí tó gbẹ̀yìn, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì béèrè ẹni tó la ọ̀rọ̀ yìí yé e tó báyìí.

"Festus ni, Dádì."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Alàgbà pa ìwé náà dé, ó gbé e lé itan.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá àwọn ọ̀gá tó kàwé tún lẹ́tà wọn kọ," ó wí níkẹyìn. "Kò sí èyí tó lè sọ̀rọ̀ báyìí nínú wọn. Mo bi ọmọkùnrin yẹn ní ibi tó kàwé dé, mi ò bi í ní ohun tó mọ̀. Sọ fún un pé mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Ní Sátidé náà, bàbá àti ọmọ jọ sọdá ọ̀sà. Oòrùn tàn, òṣíbàtà ń léfòó kọjá pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni ń lálàá. Kí Alàgbà tó jókòó, ó bẹ Festus níwájú ìyá rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó sọ sí i. Festus dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwọn àgbà méjì dojú kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdána. Àwọn ọ̀dọ́ méjì jáde lọ jókòó sórí pákó iwájú ilé, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi.

"Ibo la máa gbé?" Festus béèrè. "O ò lè máa ti ibí lọ sí Agric lójoojúmọ́."

"Ìkòròdú ni, omi yìí náà ló débẹ̀. Ṣé wọn kì í wá ẹni tó máa kan ọkọ̀ níbẹ̀ ni?"

"Màmá mi ńkọ́?"

Leah ti gbọ́ láti inú ilé. Ó ní kí wọ́n máa lọ o, òun ò kúrò lórí omi, kí wọ́n ṣáà máa gbé ọmọ wá kí òun.

Festus rẹ́rìn-ín, ó sì mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ," Ìbídùnní wí, ó gbé orí lé e léjìká.

Nínú ilé, àwọn àgbà ò tíì fẹnu kò. Ìyá ní oṣù mẹ́ta ti yá jù láti palẹ̀ mọ́, bàbá ní ó ti pẹ́ jù.