Àjẹ́ Tó Jẹ́wọ́ Níwájú Adáhunṣe

Ikú tó pa Káfíńtà kò yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń dá gbé pákó tí ẹni méjì ń bá jà, oṣù mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ Adáhunṣe tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé.

“Ó kù díẹ̀ kí n wò ó sàn,” ni Adáhunṣe wí. “Ẹyẹ dúdú kan ló bà sórí òrùlé mi, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ yín sì dákẹ́. Inú ilé yín yìí ni ẹyẹ náà ti fò wá. Ẹ sìnkú ná. Tó bá di ọjọ́ keje, màá wá nàka sí i.”

Ta ni yóò tún jẹ́ bí kì í ṣe Aránṣọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òkú? Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wọlé ọkọ, kò bí. Àgbàdo ìyá ọkọ rẹ̀ gbẹ lóko, òun ni. Ewúrẹ́ sọnù, òun náà ni.

Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan Káfíńtà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ò sùn mọ́, ó ní àwọn kan wà nínú pákó tó ń pe òun. Aránṣọ sọ fún ọkọ rẹ̀, Bíríkìlà, pé: “Àìsàn ọpọlọ ni. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ wà nígboro. Mo máa ń ránṣọ fún nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀.”

“Màámi ò ní gbà.”

Màmá ò sì gbà. “Wèrè kọ́ lọmọ mi! Ayé ló ń ṣe é. Ìwọ tó mọ ọ̀nà ilé wèrè, ṣé o ti gbébẹ̀ rí ni?”

Aránṣọ náà ló tún rán aṣọ òkú. Ibi tó ti ń fi téèpù wọn ọ́n ló ti rí i: ọrùn ọwọ́ méjèèjì ti jẹrà níbi tí ẹ̀wọ̀n ti bù ú jẹ, pàṣán ti la ẹ̀yìn rẹ̀ yánnayànna, ikùn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Aránṣọ ò sunkún. Ó fi eyín já òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sétí òkú.

“Ọkọ mi, ẹ máa sùn. Màá bá yín gbẹ̀san.”

Ẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ba Bíríkìlà, ó kó ẹní rẹ̀ jáde ní yàrá. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, wọ́n rí Aránṣọ tó ń yọ́ gba ẹ̀yìn ilé Adáhunṣe kọjá. “Ìpàdé àjẹ́ ló lọ yẹn,” ni wọ́n ń sọ lẹ́nu kànga. Wọn ò mọ̀ pé ojú ihò ọgbà ló lọ dúró sí, níbi tó ti rí ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ àdúgbò, tí wọ́n gbé wá gbàtọ́jú bíi Káfíńtà, nínú ẹ̀wọ̀n, tó ń lá ìrì lára irin.

Ọjọ́ keje pé, àgbàlá kún dẹ́múdẹ́mú. Adáhunṣe nàka sí i. “Jẹ́wọ́! Àjẹ́ tó bá ti jẹ́wọ́ kì í purọ́ mọ́!”

Aránṣọ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Òótọ́ ni. Àjẹ́ ni mí.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ kígbe, ó ṣubú lulẹ̀.

“Ṣùgbọ́n àjẹ́ kì í dá ẹran jẹ. Bàbá, ẹ ò ní sọ fún wọn pé ẹ̀yin lolórí wa?”

“Irọ́! Irọ́ ló ń pa!”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní àjẹ́ tó jẹ́wọ́ kì í purọ́? Èmi ni mo bà sórí òrùlé, ẹ̀yin lẹ de Káfíńtà mọ́lẹ̀. Òpó kan wà lẹ́yìn ilé yín, awọ ọwọ́ Káfíńtà ṣì wà lára ẹ̀wọ̀n ẹ̀.” Ó yíjú sí àwọn èrò. “Bàbá alágbẹ̀dẹ, ọmọ yín ló kàn. A ti pín in tán. Orí ni ti bàbá yìí.”

Alágbẹ̀dẹ ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fa òòlù yọ, ó sáré, àdúgbò sì tẹ̀ lé e. Wọ́n bá ọmọ náà, egungun lásán. Wọ́n bá òpó, wọ́n bá ẹ̀wọ̀n. Adáhunṣe fẹ́ gba ọ̀nà odò sá, wọ́n mú un. Kí ọlọ́pàá tó dé, ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ náà ti tọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn wò. Aránṣọ dúró, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń sun lábẹ́ irin. Ó dùn mọ́ ọn, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dùn.

Òun ló mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó ń lo oògùn rẹ̀, nígbà tó máa di oṣù kẹrin, ó ti ń bá bàbá rẹ̀ fẹ́ná.

Kò sẹ́ni tó lé Aránṣọ nílùú. Ta ló tó lé àjẹ́ tó fi olórí ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀sín? Nígbà tí orí ìyàwó onígbàjámọ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ sórí òkè fún ààwẹ̀, Aránṣọ kàn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. “Ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìwòsàn á gbéra láago méje àárọ̀ ọ̀la. Mi ò fẹ́ wá yín.” Aago mẹ́fà kò tíì lù tí gbogbo ilé fi wà ní ibùdókọ̀, tìyá tọmọ.

Bíríkìlà wá bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fọwọ́ ra orí. “Jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ fáráyé pé o kì í ṣe àjẹ́.”

Aránṣọ ò gbójú sókè. “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ èèyàn, ta ló gbọ́rọ̀ mi?”