Alátakò, Ajá Tó Ń Bá Tẹlifíṣọ̀n Jà

"Kékeré, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, mọ́mì."

"Tí màmá àgbà bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìn ilé, tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n dá lọ."

"Mo ti gbọ́."

Télọ̀ ni ìyá Kékeré. Ó kó àwọn aṣọ tó ti rán sínú àpò, ó fẹ́ lọ kó wọn fún àwọn oníbàárà. Bó ṣe fa ilẹ̀kùn dé báyìí, Kékeré ti tan tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ náà ni fíìmù tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ ń wò máa parí. Ẹni tí kò bá wò ó, kò ní í lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ajá ilé náà díẹ̀. Alátakò ni wọ́n ń pè é. Kò sí ajá tó máa gbó nínú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní dá a lóhùn, ibi yòówù kó wà nínú ilé. Màmá àgbà a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Fi í sílẹ̀, Alátakò. Kò lè jáde nínú àpótí yẹn wá bá ọ." Nítorí náà, bí ajá náà bá ń gbó tí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní títàn, ẹnikẹ́ni kì í dìde lọ wò ó mọ́.

Fíìmù ti wọ ibi tó dùn nígbà tí màmá àgbà yọ sí pálọ̀, wọ́n fọwọ́ ti ògiri.

"Kékeré, mo fẹ́ lọ sẹ́yìn."

"Màmá, ẹ dákun, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú olè náà."

"Olè tí wọ́n ti ń mú bọ̀ láti ọjọ́ yìí? Jókòó jẹ́ẹ́ rẹ. Mo mọ̀nà."

Ó yẹ kó dìde. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Alátakò ló dìde, tó tẹ̀ lé màmá àgbà.

Kò pẹ́ tí ajá ọlọ́pàá kan jáde nínú fíìmù náà, tó ń gbó. Alátakò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lẹ́yìn ilé. Ajá ọlọ́pàá dákẹ́. Alátakò kò dákẹ́. Kékeré yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Ni ajá bá sáré wọlé, ó fi eyín fa etí aṣọ rẹ̀.

"Ìwọ ajá yìí, o ò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan."

Ó ta á nípàá síta, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí fíìmù parí ló tó rántí màmá àgbà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ti bá wọn. Wọn kò lókun láti pariwo mọ́. Alátakò dùbúlẹ̀ tì wọ́n. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wọlé bá wọn.

"Ajá yìí ló gbé wọn ṣubú, àbí?"

Ẹ̀rù ba Kékeré. Ó wo ilẹ̀. "Òun ni, mọ́mì. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ó gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá."

Ní ọsibítù, wọ́n ní egungun ìbàdí ti kán. Màmá àgbà kò rántí bí wọ́n ṣe ṣubú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìyá Kékeré ké sí mẹkáníìkì òpin àdúgbò, tó ti ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì mú ṣéènì wá. Alátakò ń jurù, ó rò pé wọ́n fẹ́ mú òun rìn jáde ni. Kékeré dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gbé màmá àgbà padà wálé. Ìyá Kékeré tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn kí ara wọn lè yá. Ajá kan gbó nínú rẹ̀. Ilé dákẹ́.

"Ajá wa dà?" màmá àgbà béèrè. "Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ nígbà tí mo wà nílẹ̀. Ó ń bá mi pe èèyàn."

Kékeré kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mọ́mì, mi ò sí lẹ́yìn wọn. Fíìmù ni mò ń wò. Alátakò wá fà mí láṣọ, mo lé e jáde."

Ìyá rẹ̀ rọra gbé àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ sílẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn, èyí ló tilẹ̀ dẹ́rù bà á jù. "Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ìwọ fúnra rẹ."

Mẹkáníìkì fi àkísà nu ọwọ́, ó gbọ́ ọ tán.

"O ṣeun tó o sọ òótọ́, ọmọ mi. Àmọ́ wọ́n ti ń jí bátìrì mi kí ajá yìí tó dé. Láti ìgbà tó ti dé, olè kankan ò tún yà síbí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́. Mi ò lè dá a padà."

Alátakò rí Kékeré, ó fò dìde, ṣéènì sì fà á sẹ́yìn. Nígbà tí Kékeré sún mọ́ ọn, ó ń lá a lọ́wọ́ bí ẹni tí wọn ò ṣẹ̀ rí. Ẹkún ni Kékeré sun délé.

Irọ́ kì í pa ẹ̀bi. Ó kàn ń wá ẹlòmíràn tí yóò bá ni rù ú ni, ẹni tí kò lẹ́nu láti rojọ́ ló sì sábà máa ń bọ́ sí lọ́rùn. Bí a bá sì pẹ́ kí a tó sọ òótọ́, ó lè bá ọ̀rọ̀ níbi tí kò ti ní àtúnṣe mọ́.

Ní báyìí, kò sí ajá tí yóò bá màmá àgbà pe èèyàn. Bí wọ́n bá ti hú ikọ́ nínú yàrá, ohun yòówù kí tẹlifíṣọ̀n máa ṣe, Kékeré yóò dìde, yóò fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá wọn, wọn yóò sì jọ máa rọra lọ sẹ́yìn.