Ilẹ̀kùn Tó Mọ Oríkì

Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa ti darúgbó, ìlú kan wà lójú òfurufú tó ń jẹ́ Òkè-Ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn akini ló sọ ọ́ di olókìkí. Bí èèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, yóò wo ojú onítọ̀hún, yóò ki oríkì rẹ̀, kó tó ṣí. Àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló ń kì bẹ́ẹ̀ o. Bó bá jẹ́ ará Ìsàlẹ̀, ìlú àwọn tálákà tó wà lórí ilẹ̀, tó wá ṣiṣẹ́ ni, yóò kàn ṣí gbayawu, kò ní fọhùn. Àṣé owó tún lè kọ́ ilẹ̀kùn ní ojúsàájú.

Fadérera, ọmọ Ìsàlẹ̀, ló ṣe ẹ̀rọ ilẹ̀kùn náà. Bí àwọn ọ̀gá ṣe ní kó ṣe é ló ṣe é. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, nu fèrèsé lókè níbẹ̀ títí ọmọ fi kàwé jáde, ó sì tún nù ún fún ọdún bíi mélòó kan sí i, tó ń gba ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ kọjá láìgbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí Fadérera gba ilé lókè, ó bẹ àwọn aláṣẹ kí ìyá rẹ̀ wá máa bá a gbé. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún màmá láti wọlé. Bó bá kọjá, ó parí nìyẹn. Inú Fadérera dùn dọ́ba. Ó rọra fi oríkì ìyá rẹ̀ sínú ilẹ̀kùn, kò sọ fún un.

Màmá dé tòun ti ẹrù àti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn lanu.

“Àwẹ̀ró, ọmọ a-gbẹ́-kànga-f'álejò-mu, ọmọ olómi tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, máa wọlé.”

Màmá wẹ̀yìn. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó fara ti ògiri, ó kúnlẹ̀, kí ẹni ńlá tí wọ́n ń kì lè ráyè kọjá. Ilẹ̀kùn ṣí, ó dúró títí, kò rí ẹni wọlé, ó padé. Màmá bá wọ ọkọ̀ padà sí Ìsàlẹ̀.

Fadérera sáré wá bá a nílé lọ́jọ́ kejì.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ò wọlé?”

“Mo dé ọ̀hún, ọmọ mi. Wọ́n ń ki ẹni ńlá kan lọ́wọ́ ni, mi ò sì fẹ́ dí wọn lọ́nà. Olórúkọ mi ni. Kódà, baba tiẹ̀ náà gbẹ́ kànga.”

“Ẹ̀yin ni wọ́n ń kì, Màmá. Èmi ni mo fi oríkì yín síbẹ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́ bí ọmọ tó ń parọ́ kó lè múnú ìyá rẹ̀ dùn.

“Ilẹ̀kùn yẹn mọ̀ mí tipẹ́, Fadérera. Kì í bá irú wa sọ̀rọ̀.”

Fadérera ló kọ́ ilẹ̀kùn ní dídákẹ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì ń kì í fúnra rẹ̀, “Àwẹ̀ró, ọmọ a-gbẹ́-kànga-f'álejò-mu…”

Màmá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó bóyá ẹni ńlá náà ti dé.