Ohun Tí Ìyá Ẹlẹ́yẹlé Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìn Balùwẹ̀

Ọ̀sán gangan ni Ìyálé ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Ó fọwọ́ di ikùn mú, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e, ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹfun, ẹ̀mí ti bọ́. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ò kán sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá dà?" ni onídìrí ojúlé kejì bi àwọn tó wá kẹ́dùn. "Àbí ẹ ò mọ ẹni tó mu ún ni?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹlẹ́yẹlé ni, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ Ìyálé, tó ń bá àwọn ẹyẹlé rẹ̀ gbé yàrá ẹ̀yìn. Itọ́ kì í tán lẹ́nu ìyá yìí, ìgbẹ́ ẹyẹ kì í sì í kúrò léjìká rẹ̀. Òun ló ń fọ aṣọ ọkọ ilé, kò sì gbà kí ìyàwó kankan fọwọ́ kàn án. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó rí i lẹ́yìn balùwẹ̀ tòun tẹyẹlé kan lórí, á máa walẹ̀, á máa ri nǹkan mọ́ ọn, á máa wo ọ̀tún wo òsì.

"Ilé ọmọ yín ló ń rì síbẹ̀," ni onídìrí sọ fún Ìyàwó, ìyàwó kejì inú ilé náà. "Ìyálé ẹ ò bí, ó ti lọ. Ìwọ ló kàn."

Ìyàwó gbà á gbọ́. Aránṣọ ni, ọmọge tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìfẹ́ gbígbóná wọlé ọkọ. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù lọkọ náà, arẹwà ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tí ń pè é ní òdòdó àyà òun. Ìyàwó fẹ́ bímọ fún un débi pé ó ti ń rán aṣọ ọmọ tuntun pamọ́ sínú àpótí. Àmọ́ kò pẹ́ tó wọlé tí ìsàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Omi kan bí ọyún ń jáde lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń bá a jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ó ń fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ bí ẹni ń ha ìkòkò jíjóná. Ara ara rẹ̀ ń rí i lára.

"Olówó orí mi, kí ló ń ṣe mí yìí?"

"Ṣé o ò rí ìyá yẹn ni? Òun ló ń fi ṣe ẹ́. Fọkàn balẹ̀, màá lé e jáde."

Nígbà tí ìrora náà ò jẹ́ kó lè tẹ ẹ̀rọ mọ́, ó yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́, ó jókòó tì í.

"Àìsàn tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀ ni, àbúrò. Tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ó máa ń dí ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Nígbà míì oyún á há síbẹ̀, ọ̀nà yẹn á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ikùn, ẹnikẹ́ni ò ní rí i lóde."

Ọkàn Ìyàwó lọ sí ètè funfun Ìyálé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ ọkùnrin míì rí o."

"Ṣé mo bú ẹ ni? Mú ọkọ ẹ wá. Tí mo bá tọ́jú ìwọ nìkan, tó o tún padà sórí ibùsùn ẹ̀, omi inú agbọ̀n ni."

Ọkọ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Èmi tára mi dá ṣáká? Nọ́ọ̀sì wo ló mọṣẹ́ àjẹ́?" Kàkà kó tẹ̀ lé e, ìdílé ló pè jọ lọ́jọ́ kejì láti lé Ìyá Ẹlẹ́yẹlé. Onídìrí wá láìpè, tòun ti òòyà lọ́wọ́.

Wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ohun tí ṣọ́bìrì hú jáde, pátá ọkùnrin ni, ó ká jọ, ó le gbagidi, ọyún ti gbẹ mọ́ ọn bí àtè. Òórùn náà lé gbogbo wọn sẹ́yìn.

"Yéè! Ilé ọmọ rèé o!" ni onídìrí kígbe.

"Ilé ọmọ wo ló ń lo rọ́bà ìbàdí?" ni bàbá olórí ẹbí dá a lóhùn, imú rẹ̀ nínú agbádá.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó rí òwú aláwọ̀ ewé, ó rí ojú rírán ọwọ́ ara rẹ̀: àjákù aṣọ tó fi ìfẹ́ rán fún ọkọ rẹ̀ ni. Nísàlẹ̀ ìyẹn, àwọn mìíràn wà tó ti jẹrà kó tó wọlé yìí rárá.

"Mo fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́," ni Ìyá Ẹlẹ́yẹlé ń sọkún. "Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kan, pé òun ń gba abẹ́rẹ́. Ọmọ àbúrò mi ni. Mo ní kí n bo àṣírí ẹ̀."

"Nígbà tí inú ń run ìyálé mi, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé kò dáa. Mi ò mọ̀ pé ó ń pani."

"Àṣírí ẹ̀ lẹ bò, mà. Òkú ìyálé mi lẹ fi bò ó."

Ọkọ na ọwọ́ sí i. "Òdòdó àyà mi, gbọ́ ná..." Ẹnu tó ti ń dùn mọ́ ọn bí oyin! Ìyàwó wo ètè náà, èébì gbé e, ó sì bì í sórí bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó wà níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Mi ò lọ́kọ mọ́. Ẹ tọ́jú mi."

"Oògùn á pa àìsàn náà. Àmọ́ bóyá ọ̀nà yẹn ṣì là, mi ò lè búra fún ẹ."

Ìyàwó gba omi, ó gbé oògùn náà mì lójú ẹ̀. "Mi ò ní kẹ́ ẹ búra, mà. Ọkùnrin tó ń búra fún mi ló gbé mi débí."