Ibojì Tí Kì Í Ṣe ti Davick

Ẹkún ni Merran kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ẹni tó ń sun ún. Ó ti fàyà fà wọ inú ibojì òkúta àwọn ará ìgbàanì, tó rí bí yàrá, tó wà létí òkun ní erékùṣù wọn, ó sì bá ọkùnrin kan nínú òkùnkùn, tó gbórí lé orúnkún.

Òun náà, ẹkún ló wá sun. Òkun ló gbé Davick, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ níbi tó ti ń fi ọkọ̀ pa alákàn, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá wọn ló ní kí àwọn máa wá síbẹ̀, pé òkú àtijọ́ kì í lé àlejò.

Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Ó ní Erlend lorúkọ òun, káfíńtà lòun, erékùṣù kejì lòun ti wá. Merran bi í pé ta ló kú fún un. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò tí oòrùn kì í tètè wọ̀ yẹn, Erlend ń wọkọ̀ ojú omi wá. Wọ́n á jókòó sórí koríko tó bo ibojì náà, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ó bá ìyá Merran tún òrùlé ilé àgùntàn ṣe, màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí Merran ní kí àwọn dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Erlend mú un padà wọnú ibojì.

"Merran, ọ̀wọ́n mi, wọ́n ní okùn ló já lọ́jọ́ tí Davick kú. Kò já. Èmi ni mo gé e."

Ó ní òun náà bá wọn lọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rò ó fún un bí okùn tó so pàkúté alákàn mọ́ ọkọ̀ ṣe lọ́ mọ́ Davick lẹ́sẹ̀, tó wọ́ ọ sómi, tí ọkọ̀ sì fẹ́ dojú dé pẹ̀lú òun àti àwọn méjì tó kù. Ó ní Davick ń wo òun nígbà tí òun fa ọ̀bẹ yọ.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ọjọ́ tá a pàdé ni mo fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó yá, ìfẹ́ rẹ ò jẹ́ kí n lè là á lẹ́nu mọ́."

Merran sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ó rò pé màmá yóò ṣépè fún Erlend. Màmá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ọ̀bẹ yẹn, ìyá mẹ́rin ni ì bá máa ṣọ̀fọ̀.

"Fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Má jẹ́ kí òkun gba ẹni méjì lọ́wọ́ mi."

Merran gbìyànjú. Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí Erlend bá ti nawọ́ sí i, ojú Davick ló ń rí, ara rẹ̀ á sì sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìfẹ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì burú jù.

Nígbà tí òtútù dé, Erlend rí iṣẹ́ sí Kánádà. Merran sìn ín dé èbúté.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ẹ́. Mi ò kàn lè fọwọ́ kàn ẹ́ ni."

Erlend gbé àpò rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ.

Nígbà tí Merran délé, ìyá rẹ̀ ti bu ọbẹ̀ ẹja sí àwo mẹ́ta. Màmá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Merran ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń jẹun, kò sì sí èyí tó lè nawọ́ gbé àwo kẹta kúrò.