Iṣẹ́ Àna Josiah

Ọkùnrin kan ń se aṣọ bí ẹni ń se ọbẹ̀! Ohun tí Tinúadé kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Òkè-Bùkún, lọ́dún 1954. Ìkòkò ńlá wà lórí iná lẹ́yìn ilé ìtọ́jú aláìsàn, omi ń hó yèè, ọkùnrin gíga kan sì ń fi igi ro ohun tó wà nínú rẹ̀. Tinúadé sún mọ́ ọn. Àṣé aṣọ òwú funfun tí òun fi odindi oṣù kan hun ni, èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tà lọ́jà! Wọ́n sì ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Yéè! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí ni aṣọ mi fi ṣẹ̀ yín?"

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú rẹ̀. "Okun o, arẹwà. Kò ṣẹ̀ mí rárá. Egbò ni mo fẹ́ fi dì. Bí mi ò bá sè é, ìdọ̀tí á wọ ojú egbò."

"Ṣé ẹ óò fi iyọ̀ sí i?"

"Bí ẹ bá máa bá mi jẹ ẹ́, mo lè fi ata sí i pàápàá."

Tinúadé fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ mìíràn ni.

Josiah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mópà. Ẹgbẹ́ Àjọtọ́jú ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹgbẹ́ yìí dára jọjọ! Bí ìkórè bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu wá sí abà ẹgbẹ́. Bí àìsàn bá wá wọlé ẹni tó gbé iṣu wá, ẹgbẹ́ á tọ́jú rẹ̀, wọn ò ní gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Iṣu ọ̀hún ni ilé ìwòsàn tó wà ní Kàbà fi ń bọ́ aláìsàn, àwọn náà sì ń fún ẹgbẹ́ lóògùn. Ṣọ́ọ̀ṣì yọ ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin, mọ́ṣáláṣí yọ mẹ́rin, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń fi èjìká gbé aláìsàn dé ojú títì. Nígbà tó yá, Tinúadé kó àwọn ahunṣọ jọ, àwọn náà ń hun aṣọ ìdì-egbò fún ẹgbẹ́. Ibi tó ti ń gbé aṣọ lọ, tó ń gbé ìkòkò bọ̀, ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ìbítóyè, baba Tinúadé, ò gba ti ẹgbẹ́ náà. "Ẹ ń kó iṣu jọ de àìsàn tí kò tíì dé? Ṣé ẹ ń pè é ni?" Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Josiah. "O fẹ́ ọmọ mi? Ó dáa. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá, kí ẹ wá kọ igba ebè fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àna nìyẹn. Èmi náà ṣe é kí n tó fẹ́ ìyá rẹ̀."

Josiah ò ní ẹbí nítòsí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́jọ wọ̀nyẹn ló bá a gbé ọkọ́ lọ sóko Ìbítóyè lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Wọn ò tíì kọ ebè mẹ́wàá tí ọkùnrin kan, Ọlọ́runlékè, fi sáré dé láti ìlú Kírì, òógùn bò ó.

"Rebecca ìyàwó mi! Rọbí ti mú un láti àárọ̀ àná, ọmọ ò wá. Ẹ gbà mí o!"

Josiah wo Tinúadé tó gbé omi wá fún wọn. "Baba rẹ ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ojúgbà wọn. Bí mo bá lọ báyìí..."

"Lọ," ni Tinúadé wí. "Bí o bá dúró, mi ò ní lè wo ojú rẹ mọ́."

Nígbà tí Ìbítóyè àti àwọn àgbà dé pẹ̀lú iyán, ọkọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n bá nílẹ̀.

"Ìbítóyè," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣé ọkọ́ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ ni?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Tinúadé ṣàlàyé pé aboyún tó ń rọbí ni wọ́n sáré lọ gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ò gbọ́. "Ṣé kò lè fi ẹni méjì sílẹ̀ ni? Ṣé kò lè dúró kí mi? Ó fi mí ṣẹ̀sín lójú àwọn ojúgbà mi. Kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́! Ẹni tó mọ ọkọ́ lò ni yóò fẹ́ ọ."

Lọ́jọ́ kẹta, Josiah wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Baba wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Tinúadé jókòó sídìí òfì níwájú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tó kù díẹ̀ kó parí, ọwọ́ rẹ̀ ò lọ mọ́. Ó dùn ún dé egungun. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí Josiah lọ!

Lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá àti ọmọ ń lọ sóko láàárọ̀, wọ́n gbọ́ ariwo ènìyàn. Há! Oko kún! Ará Kírì, ará Òkè-Bùkún, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, tọkọ́tọkọ́, àwọn kan tilẹ̀ ti ìlú Iyara wá. Ọlọ́runlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, nítorí tèmi ni Josiah fi já yín kulẹ̀. Gbogbo àwa tí Josiah ti tọ́jú la wà níbí. A wá bá a ṣiṣẹ́ àna."

Rebecca dìde lábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun lé Ìbítóyè lọ́wọ́. Baba wo ọmọ náà títí.

"Ìwọ ni mo ń bínú sí láti ọjọ́ yìí," ló wí jẹ́jẹ́, "mi ò sì mọ̀." Omi dà lójú rẹ̀. "Josiah dà?"

Josiah wà ní ìkangun oko, kò láyà láti wọ inú rẹ̀.

"Ẹ fi ogún ebè tó kẹ́yìn sílẹ̀ o," ni Ìbítóyè pariwo. "Àna mi ni yóò kọ ọ́ fúnra rẹ̀!"

Àna mi! Tinúadé gbọ́ ọ, ó fi ìborùn bojú, ó ń sunkún ayọ̀.

Ebè Josiah wọ́, gbogbo oko ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ogún pé. Nígbà tó parí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Tinúadé mú aṣọ tí wọ́n ti sè jáde, ó ń dì í fún un.

"Wò ó, aṣọ mi tí o fi se ọbẹ̀."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ó ku díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó di ìgbà tí a bá darúgbó."

Lọ́jọ́ kejì, Ìbítóyè gbé iṣu lọ sí abà ẹgbẹ́. Ní Sátidé kejì, Tinúadé ró aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àlùfáà ní kí ọkọ na ọwọ́, ìdì funfun náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn léèrè pé kí ló ṣe ọwọ́ ọkọ ìyàwó.

Ìbítóyè dìde gìrì láàárín ìjọ. "Iṣẹ́ àna ni! Oko mi ló ti rí i!"