Ẹja Tí Lẹbẹ Rẹ̀ Pé

Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tú èéfín dúdú lu Tilda lójú, ó sì kú fin-ín. Gbogbo àwọn apẹja tó tò sí èbúté Tarlett bú sẹ́rìn-ín.

“Arvo, ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa ni àbí ẹ fẹ́ yan án nínú omi?” Wendell Pruitt ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ funfun rẹ̀ tó ń dán gbinrin. Ọdún tó kọjá ló gba ipò kejì nínú ìdíje yìí, kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílùú sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà.

“Gbọ́ tìẹ, Wendell!” Bàbá àgbà Arvo dá a lóhùn láti orí afárá onípákó. “Ẹ̀rọ tèmi ń jí ẹja lójú oorun ni. Tìẹ ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún!”

Ẹ̀rín tún sọ. Tilda Koskela náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá láti Yakima, níbi tí oko ápù pọ̀ sí tí èèyàn ò ti lè gbọ́ òórùn iyọ̀ òkun láé, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń wá kí bàbá ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru, ṣùgbọ́n orí afárá ló máa ń dúró sí, tí yóò máa juwọ́ sí Bàbá àgbà àti Rudi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bí wọ́n bá ń lọ síbi ìdíje ẹja sámọ́nì. Lọ́dún yìí, Bàbá àgbà ṣubú, apá ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Àyè rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Tilda.

Rudi, tó fi ọdún méjì jù ú lọ, tún fa okùn ẹ̀rọ náà, ó fà á, ó fà á, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ lójijì.

“Ẹ gbọ́ mi,” ni Bàbá àgbà wí. “Màá máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ má lọ kọjá ẹnu òkun. Bí ẹ ò bá rí ẹja, ẹ padà wá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí.”

Ṣùgbọ́n Tilda mọ ohun tí òun fẹ́ rí. Ẹ̀bùn ipò kìíní, fún ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù, wà lábẹ́ àgọ́ níwájú èbúté: ẹ̀rọ ọkọ̀ tuntun, pupa fòò, tí wọ́n so rìbọ́nì mọ́ lọ́rùn. Ìgbà mẹ́ta ló ti lọ fọwọ́ kàn án lánàá. Nígbà òtútù tó kọjá, níbi tí Bàbá àgbà ti ń dẹ páńpẹ́ akàn, ògbólógbòó ẹ̀rọ rẹ̀ kú lójú agbami, ìgbì sì gbé e kiri lóun nìkan fún odindi ọjọ́ kan. Ìyá Tilda sunkún títí wọ́n fi rí i.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, fèrè dún. Ọgọ́ta ọkọ̀ ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi fọ́n sókè, ìgbì gbé ọkọ̀ wọn, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ gbà, Tilda sì kígbe ayọ̀ tí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọn yóò ju ìwọ̀, kùrukùru ti bo ojú òkun. Wọn ò rí ọkọ̀ kankan mọ́, àfi ohùn àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbọ́ lókèèrè.

Wọ́n fi ẹja ṣáwá sẹ́nu ìwọ̀, wọ́n sọ ọ́ sómi, wọ́n dúró. Wákàtí kan. Wákàtí méjì. Rédíò ní ẹnìkan ti gbé ẹja tó wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wálé.

“Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n!” Rudi mi orí. “Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọ̀pá Tilda fi tẹ̀ kọ̀ǹdọ̀, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ kan omi. Okùn ń já lọ fíì, fíì, fíì!

“Ó ti jẹ ẹ́! Má fà á o! Jẹ́ kó sáré, jẹ́ kó sáré!”

“Mi ò fà á! Òun ló ń fà mí!”

Ẹja náà sáré lọ, ó yí padà, ó fò jáde nínú omi, fàdákà gbọọrọ kan tó tàn yanran, ó sì ṣubú padà gbààmù. Tilda fi orúnkún ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ta á, síbẹ̀ ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀. Bó ti ń wé okùn náà ni ẹja ń tú u, bó ti ń tú u ni Tilda tún ń wé e. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó rẹ ẹja náà, Rudi sì ti àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

“Yéè! Ó ju ọgbọ̀n lọ! Tilda, ó ju ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ! A ti gba ẹ̀rọ!”

Tilda bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ẹja náà, nítòsí ìrù, lẹbẹ kékeré kan dúró ṣánṣán bí èékánná ọmọdé.

Àwọn méjèèjì mọ òfin náà. Ẹja tí wọ́n bá sìn nílé ìsìnja, wọ́n ti máa ń gé lẹbẹ kékeré yẹn láti kékeré. Òun nìkan ni èèyàn lè gbé lọ sílé. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ bá pé, fúnra rẹ̀ ló dàgbà nínú odò. Irú rẹ̀ ti ń tán lọ, omi ló gbọ́dọ̀ padà sí.

Rudi yọ ọ̀bẹ. “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá gé e.”

“Rudi, rárá.”

“Ta ló ń wò wá? Ṣé o rí ẹnikẹ́ni nínú kùrukùru yìí? Ẹ̀rọ Bàbá àgbà ló wà nínú àwọ̀n yẹn o! Gbé e wọlé!”

Ká sòótọ́, ó wu Tilda. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára igi àwọ̀n náà, ó tilẹ̀ ti gbé e díẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ẹ̀rọ pupa náà lẹ́yìn ọkọ̀, ó rí Bàbá àgbà lójú agbami. Ẹja náà ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé.

Rédíò dún gààrà. “Tilda, ẹ ti dákẹ́ jù. Ṣé nǹkan wà lọ́wọ́ yín ni?”

Rudi fi ìka lé ètè, ó ń mi orí. Tilda wò ó, ó wo ẹja, ó sì tẹ rédíò.

“Ẹja ni, Bàbá àgbà. Ẹja ńlá gan-an. Ṣùgbọ́n lẹbẹ rẹ̀ pé.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn arúgbó náà dé, jẹ́jẹ́: “Báwo ló ṣe tóbi tó?”

“Ó gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ.”

“Háà! Wò ó dáadáa kó tó lọ o, ọmọ mi. Wò ó fún èmi náà.”

Tilda yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà láìgbé e kúrò nínú omi. Ó di ìdí ìrù rẹ̀ mú títí ó fi mí dáadáa. Lójijì ló na ìrù pàà, ó da omi tútù lé àwọn méjèèjì lórí, ó sì rá.

Ìgbà náà ni fèrè ọkọ̀ kan dún láti inú kùrukùru. Òmíràn dá a lóhùn. Kẹta, kẹwàá, títí gbogbo ojú òkun fi ń hó! Orí rédíò kan náà ni gbogbo wọn wà. Gbogbo wọn ló ti gbọ́. Tilda ni wọ́n ń yìn.

Ṣùgbọ́n Rudi ò rẹ́rìn-ín. “Inú ẹ dùn báyìí, àbí? Ọjọ́ Ajé lo máa padà sí Yakima. Èmi ni màá wà níbí tí màá máa wo Bàbá àgbà bó ṣe ń fi òòlù lu ẹ̀rọ yẹn nínú òtútù.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Tilda lọ́kàn. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ju ìwọ̀ sómi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n pa méjì tí wọ́n ti gé lẹbẹ wọn, èyí tó tóbi jù ò ju pọ́n-ùn mẹ́rìnlá lọ.

Nígbà tí wọ́n fi dé èbúté, èrò ti kún bámúbámú yí òṣùwọ̀n ká, òórùn ẹja yíyan sì gba inú afẹ́fẹ́. Wendell Pruitt ló wà níwájú. Wọ́n gbé ẹja rẹ̀ kọ́: pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Èrò hó yèè. Pruitt gbé fìlà sókè, ó ń wo ẹ̀rọ pupa náà bí ọkọ ìyàwó.

“Ẹ dúró ná,” ni Ìyáàfin Ibarra, olórí àwọn onídàájọ́, wí. Obìnrin tí kì í kánjú ni. Ó fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀yìn ẹja náà títí dé ìtòsí ìrù, ó dúró, ó sì gbé ìka rẹ̀ sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

“Wendell, ọgbẹ́ tó ti jinná láti ọdún mẹ́ta kì í ṣẹ̀jẹ̀.”

“Okùn ló bó o! Okùn àwọ̀n ni!”

“Ọ̀bẹ ni,” obìnrin náà wí.

Wọ́n fa igi lé orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ òfin ẹja pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ bá wọn díje ní Tarlett mọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tó ń ṣe búrẹ́dì nílùú náà ni ẹ̀bùn bọ́ sí lọ́wọ́, wọ́n sì fò mọ́ra wọn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Ipò kẹsàn-án ni Tilda àti Rudi wà. Fìlà méjì ni wọ́n fún wọn.

Rudi ti funfun bí ẹfun. Ó rọra sún mọ́ Tilda. “Orúkọ Bàbá àgbà ni wọn ì bá fagi lé,” ló wí. “Ọwọ́ mi ni ì bá sì ti wá. Má bínú sí mi.”

“Èmi náà ti ń gbé àwọ̀n yẹn, Rudi. O rí mi.”

Bàbá àgbà ti jókòó sórí àpótí kan, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá síbí! Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ ẹ́?”

Rudi na apá rẹ̀ méjèèjì títí wọn ò fi lè nà mọ́. “Bàbá àgbà, báyìí ló gùn!”

“Irọ́ ńlá!” Tilda kígbe. “Ẹ má dá a lóhùn, ṣé ẹja àbùùbùtán ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkọ̀ arúgbó náà ṣì ń rú èéfín nígbà tí Tilda àti Rudi wà á lọ sílé, òtútù sì ń bọ̀. Òótọ́ kò fún wọn ní ẹ̀rọ. Ohun tó fún wọn ni pé wọ́n lè gbórí sókè kọjá láàárín èrò, kí wọ́n sì sọ ìtàn ọjọ́ náà láìfo ibì kankan. Àwọn àgbà ní a kì í gba ọ̀nà irọ́ dé ilé ìyì. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kà á, ohun tí o kò bá lè sọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé, má ṣe é nínú kùrukùru.